Rìpítà, mesh tàbí wáyà: ẹ fi dBm wọn Wi-Fi ilé yín kí ẹ tó náwó

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Àkóbọ̀ pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n ní, "Wi-Fi yìí kún dẹ́nu o, ọ̀pá ẹ̀ pé pérépéré, àmọ́ fídíò kíláàsì ọmọ yìí ń yí róbótó láti àárọ̀. Ṣé dátà ló tán ni?" Dátà ò tán. Mo bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti ń wò ó. Yàrá ọmọ ni, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ráútà wà ní pálọ̀ ìsàlẹ̀. Kí yàrá yẹn lè rí nẹ́tíwọ̀kì gbà, wọ́n ti lọ ra rìpítà kan, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba Wi-Fi ráútà tó sì ń tún un sọ síwájú, wọ́n sì kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì inú yàrá náà gan-an, torí ẹni tó tà á ní ibi tí nẹ́tíwọ̀kì ò ti dáa ni kí wọ́n fi í sí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yẹn rèé. Fóònù ń gbọ́ rìpítà ketekete, torí wọn ò jìnnà síra ju ibi tí ọwọ́ lè tó lọ. Rìpítà fúnra ẹ̀ ló ń tiraka láti gbọ́ ráútà tó wà nísàlẹ̀. Ọ̀pá tó kún yẹn, ti rìpítà sí fóònù ni; kò sọ nǹkan kan nípa ti ráútà sí rìpítà. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí ẹ rán ọmọ tó ń gbọ́rọ̀ bàìbàì níṣẹ́. Ohùn ẹ̀ lè ga bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tó bá ń jíṣẹ́, ìwọ̀nba tó gbọ́ náà ló máa sọ.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tẹ́ wáyà, kí n máa gbé Wi-Fi kalẹ̀ fún ilé àti ṣọ́ọ̀bù káàkiri Ìbàdàn, láti Òjòó dé Challenge. Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé "èwo ni ká rà?" Mi ò lè dáhùn láìjẹ́ pé mo ti wọn ibi tí wọ́n ti ń lò ó. Torí náà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi òṣùwọ̀n méjì wéra, ká tó fi ẹ̀rọ wéra.

Ọ̀pá àbí dBm?

Ẹni tó ṣe fóònù ló ń pinnu iye ọ̀pá tó máa gbé jáde. Ẹ gbé fóònù méjì tí kì í ṣe ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n sórí tábìlì kan. Ọ̀kan lè gbé ọ̀pá mẹ́rin, kí èkejì gbé méjì, bẹ́ẹ̀ ìgbì kan náà ló ń kan àwọn méjèèjì lára. Kóńgò gàrí ni ọ̀pá. Ti ìsọ̀ kan ní Bódìjà lè má rí bíi ti ìsọ̀ kejì, àwọn kan tiẹ̀ ti lu ìdí tiwọn wọnú. dBm ni ìwọ̀n tí kò mọ ojú ẹnì kankan.

Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fi agbára ìgbì wé mílíwáàtì kan. Mílíwáàtì kan ni 0 dBm. Mílíwáàtì mẹ́wàá ni 10 dBm, ọgọ́rùn-ún ni 20 dBm, odindi wáàtì kan ni 30 dBm. Lórí 2.4 GHz (ọ̀kan nínú ìgbì méjì tí Wi-Fi ilé sábà ń lò, 5 GHz ni èkejì), nǹkan bíi 20 dBm ni ọ̀pọ̀ ráútà ilé ń gbé jáde, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá wáàtì. Gílóòbù LED oníwáàtì 9 tó wà lókè orí yín jù ú lọ ní ìlọ́po àádọ́rùn-ún.

Nígbà tí ìgbì yẹn bá fi máa dọ́wọ́ fóònù, kò tó mílíwáàtì kan mọ́ rárá, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà ẹ̀ fi máa ń ní àmì ìyọkúrò níwájú. Ẹ kà á bíi gbèsè. Ẹni tó jẹ gbèsè 50 sàn ju ẹni tó jẹ 80 lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni -50 dBm dáa ju -80 dBm lọ. Ibi tó ti yàtọ̀ sí gbèsè náírà ni pé tó bá fi mẹ́ta dín, agbára ti di ìdajì. Tó bá fi mẹ́wàá dín, ó ku ìdá kan nínú mẹ́wàá. Láti -50 lọ sí -80, ọ̀nà ẹgbẹ̀rún kan ni wọ́n pín in sí, ẹyọ kan ló kù síni lọ́wọ́. Ní -70 dBm, mílíwáàtì kan náà ni wọ́n ti pín sí ọ̀nà mílíọ̀nù mẹ́wàá, fóònù ṣì ń fi ẹyọ tó kù yẹn ka ìròyìn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì máa ń yà mí lẹ́nu.

Bí èmi ṣe máa ń ka Wi-Fi nìyí: láti -30 dé -55, kò sí wàhálà. Títí dé -67, ìpè fídíò ṣì ń lọ geere. Lẹ́yìn -70, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Tó bá ti kọjá -80, ọ̀rọ̀ kíkọ lórí WhatsApp ló kù tó lè lọ, ìyẹn tó bá wù ú.

Láti rí nọ́ńbà yìí lórí Android, áàpù bíi WiFi Analyzer tó. Lórí Mac, ẹ tẹ Option mọ́lẹ̀ kí ẹ tó tẹ àmì Wi-Fi, RSSI (dBm Wi-Fi yín) àti Noise (ariwo tó yí i ká) máa jáde pa pọ̀. Windows máa ń fi ìdá ọgọ́rùn-ún hàn tí ẹ bá tẹ `netsh wlan show interfaces`; ẹ dá a sí méjì, kí ẹ yọ 100 kúrò nínú ẹ̀. 60% di -70 dBm. 100% di -50, kódà bó bá dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan tó ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Nọ́ńbà Wi-Fi àti nọ́ńbà síìmù kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Lórí 4G, RSRP ni fóònù ń kà, ìyẹn sì jẹ́ agbára ègé ìgbì tínínní kan tí kò fẹ̀ ju 15 kHz lọ. Wi-Fi ń ro agbára gbogbo ojú ọ̀nà (channel) tó fẹ̀ tó 20 MHz pọ̀. Torí ẹ̀ ni 4G fi lè wà ní -95 kó sì máa sáré, tí Wi-Fi tó wà ní -95 á ti kú. Oníbàárà kan ní Òkè-Àdó rí -92 lórí síìmù ẹ̀, ó ti fẹ́ pààrọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń tà dátà fún un. Mo ní kó sinmi.

Ariwo, tí ọ̀pá kì í fi hàn

Ẹ dúró láàárín ọjà Bódìjà lọ́jọ́ tó kún, kí ẹ sọ̀rọ̀ sẹ́nìkan létí bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́ nílé. Ohùn yín ò yí padà, ọjà ló ń pariwo. Ìgbì náà rí bẹ́ẹ̀. Níbi tí ariwo bá wà ní -95, tí Wi-Fi sì dé ní -65, àlàfo 30 dB (dB la fi ń ka ìyàtọ̀ láàárín dBm méjì) wà láàárín wọn, ọ̀rọ̀ á yéra. Nínú ilé ojúkojú tó ní yàrá mẹ́rìnlá, tí MiFi àti hotspot ń jó ní ìdajì wọn, -65 yẹn kan náà lè má wúlò. Tí àlàfo yẹn bá ti dín sí 20, ẹ óò mọ̀ ọ́n lára fídíò.

Ojú ọ̀nà mẹ́ta péré ni kì í gun ara wọn lórí 2.4 GHz: 1, 6 àti 11. Áàpù tí ẹ fi wọn dBm á fi hàn yín èwo ni àwọn aládùúgbò kó sí. Ẹ mú èyí tó ṣófo jù. Ẹ má mú 3 tàbí 9 torí pé ẹ ò rí ẹnì kankan níbẹ̀. Àtọ̀tún àtòsì ni wọ́n á ti máa dí yín lọ́wọ́, ẹ̀yin náà á sì máa dí wọn. Owó kankan ò jáde fún èyí, èmi ló kàn ń ba ọjà mi jẹ́.

2.4 GHz àbí 5 GHz?

Èyí ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. 2.4 ń rìn jìnnà, ó sì máa ń la ògiri búlọ́ọ̀kù kọjá dáadáa ju 5 lọ, àmọ́ èrò pọ̀ níbẹ̀, Bluetooth àti máíkíróweéfù náà sì wà níbẹ̀. 5 GHz yára, ó láyè, àmọ́ kódà ní gbangba níbi tí ògiri kankan ò sí, ó ń fi nǹkan bíi 6 dB rẹlẹ̀ sí 2.4 ní ọ̀nà jíjìn kan náà. Tẹlifíṣàn tó wà nínú pálọ̀ pẹ̀lú ráútà, ẹ gbé e sórí 5. Kámẹ́rà ẹnu géètì, ẹ fi sílẹ̀ sórí 2.4. Kò sí èyí tó la páànù kọjá nínú méjèèjì. Ẹni tó bá fi páànù ṣe ògiri ṣọ́ọ̀bù, kó gbé ráútà sínú ṣọ́ọ̀bù.

Ráútà alágbára tàbí áńtẹ́nà gígùn ńkọ́?

Àwọn bàbá wa pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì: ó ń sọ, kì í gbọ́ èsì. Nígbà tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní 1959, kò sí tẹlifíṣàn kan tó ní láti dá a lóhùn. Tí ohùn òpó bá ti lè dé ilé yín, ó parí. Wi-Fi ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹrù yòówù tí ráútà bá fi ránṣẹ́, fóònù gbọ́dọ̀ fèsì pé òun ti gbà á, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ráútà á tún un fi ránṣẹ́. Bátìrì kékeré ni fóònù sì fi ń sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ kì í sábà tó ti ráútà. Tí ẹ bá sọ ráútà di abúgbàù, fóònù tó wà lẹ́yìn ilé á gbọ́ ọ, ọ̀pá á kún, àmọ́ ráútà ò ní gbọ́ fóònù.

Ẹ sì wo ìṣirò ẹ̀. Ẹni tó ra ráútà 200 mílíwáàtì dípò 100 jèrè 3 dB péré. Ní gbangba, ìlọ́po méjì ọ̀nà jíjìn ń jẹ 6 dB. Ògiri búlọ́ọ̀kù kan tí wọ́n rẹ́ dáadáa lè gbé 3 dB yẹn mì láìmu omi sí i.

Áńtẹ́nà sàn díẹ̀, torí ó ń ràn yín lọ́wọ́ láti gbọ́, kì í ṣe láti sọ nìkan. Àmọ́ kì í dá agbára sílẹ̀. Ńṣe ló ń kó èyí tó wà jọ sí ọ̀nà kan, bí àwo tó wà lẹ́yìn gílóòbù tọ́ọ̀ṣì. Áńtẹ́nà gígùn tó dúró ṣánṣán máa ń kó o jọ sí ẹ̀gbẹ́, á sì dín ti òkè àti ìsàlẹ̀ kù. Ó dáa fún ilé gbọọrọ tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, yàrá tó wà gan-an lórí ráútà ni ìyà máa jẹ. Tí ráútà yín bá ní áńtẹ́nà méjì tàbí mẹ́ta, ẹ tẹ ọ̀kan dùbúlẹ̀, kí ẹ tún wọn yàrá òkè. Mo ti rí i tó fi 5 dB sunwọ̀n pẹ̀lú ọwọ́ lásán.

Rìpítà, mesh, wáyà

Ibí ni owó wà. Mesh ni ẹ̀rọ Wi-Fi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ bí ọ̀kan; access point ni ẹ̀rọ tó ń gba ọ̀rọ̀ láti inú wáyà, tó sì ń sọ ọ́ di Wi-Fi. Mo rìn káàkiri ilé ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú fóònù, mo ti yọ rìpítà kúrò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà: -38. Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn: -57. Orí àtẹ̀gùn: -68. Yàrá ọmọ: -83. Dẹ́kìn tí wọ́n fi irin àti kọnkéré dà ló wà láàárín, mi ò sì rò pé irin ibẹ̀ kéré. Ohun tí rìpítà ń gbọ́ nìyẹn, -83, kó tó wá máa pariwo ẹ̀ sétí fóònù ní -35.

| | Rìpítà | Mesh | Wáyà àti access point |
|---|---|---|---|
| Bó ṣe ń gba ọ̀rọ̀ látọ̀dọ̀ ráútà | Afẹ́fẹ́ | Afẹ́fẹ́, tàbí wáyà tí ẹ bá fẹ́ | Wáyà |
| Ibi tó yẹ kó wà | Àárín ọ̀nà, níbi tó ti ń rí -65 tàbí kó sàn jù bẹ́ẹ̀ | Bákan náà | Inú yàrá tí ẹ ti ń lò ó |
| Ohun tó ń dín eré ẹ̀ kù | Ẹ̀rọ kan náà ló ń gbọ́, tó tún ń sọ | Ògiri tó wà láàárín ẹ̀rọ kan sí èkejì | Wáyà tí kì í ṣe bàbà |
| Owó | Ó kéré jù | Ó pọ̀ jù | Àárín, iṣẹ́ ẹ̀ ló le |
| Ẹni tó yẹ | Ẹni tó fẹ́ ka ìròyìn ní yàrá kan | Ayálégbé tí láńlọ́ọ̀dù ò jẹ́ kó lu ògiri | Onílé, ṣọ́ọ̀bù, ilé ìwé |

Ìlà kẹta tábìlì yẹn ló yẹ ká dúró lé lórí. Rìpítà olówó pọ́ọ́kú kì í lè gbọ́ kó sì máa sọ lẹ́ẹ̀kan náà lójú ọ̀nà kan ṣoṣo. Ó máa gbọ́ tán, kó tó sọ. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan á gba afẹ́fẹ́ kọjá nígbà méjì, torí náà eré á já sí bí ìdajì, kódà níbi tí dBm ti dáa. Tí dBm ò bá wá dáa, ìdajì ohun tí kò tó nǹkan ni ẹ ń gbà.

Mesh tó ní ẹ̀rọ ìgbì kan lọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ àárín ara wọn bọ́ nínú ìyẹn. Orúkọ Wi-Fi kan ṣoṣo ni gbogbo ilé á máa rí, fóònù á sì máa ti ọ̀dọ̀ ọ̀kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ èkejì bí ẹ ṣe ń gun òkè. Àmọ́ iṣẹ́ ìyanu kọ́ o. Tí ẹ bá gbé ẹ̀rọ kejì síbi tó ti ń gbọ́ ti àkọ́kọ́ ní -80, rìpítà olówó ńlá lẹ rà.

Wáyà ò bìkítà fún dẹ́kìn. Wáyà nẹ́tíwọ̀kì tí wọ́n ń pè ní Cat5e tàbí Cat6 lè gbé ọ̀rọ̀ dé mítà 100 láìsí wàhálà, á sì gbé e ní 1 Gbps (1000 Mbps), èyí tó ju dátà tó ń wọlé sí ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn lọ fíìfíì. Àwọn tó gbọ́njú mọ Rediffusion ò ní jiyàn pẹ̀lú mi: àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì tó wà lára ògiri nígbà yẹn, wáyà ló gbà wọlé, ògiri ò sì dí i lọ́wọ́. Tí ẹ bá lọ ra wáyà yìí ní Queen Cinema tàbí níbòmíràn, ẹ bó orí ẹ̀ díẹ̀ kí ẹ fi abẹ ha ara irin inú ẹ̀. Tó bá pupa títí dé inú, bàbà ni. Tó bá funfun lábẹ́, álúmíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà kùn ni. Ó máa ń kán, ó sì máa ń dá iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ẹ dá a padà fún ẹni tó fẹ́ tà á fún yín pẹ̀lú ẹ̀rín.

MiFi àbí ráútà onísíìmù?

Tó bá jẹ́ pé ohun tó ń wọlé látìta ni kò dáa, gbogbo ohun tí mo sọ lókè yìí ò ní wo àrùn náà sàn. Ẹ wọn RSRP kí ẹ tó ra ohunkóhun. Lórí Android, ó máa ń wà nínú Settings, lábẹ́ About phone, níbi tí wọ́n ti kọ SIM status. Lórí iPhone, ẹ pe *3001#12345#*. Ẹ wọ̀n ọ́n ní pálọ̀, lójú fèrèsé kọ̀ọ̀kan, àti ní báńkónì. Òkè ló kún Ìbàdàn. Ilé tó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mápó, tí òpó sì wà lódì kejì òkè, lè fi 15 dB yàtọ̀ láti fèrèsé iwájú sí ti ẹ̀yìn.

Tí fèrèsé kan bá fún yín ní -100 tàbí kó sàn jù bẹ́ẹ̀, ráútà onísíìmù tí ẹ gbé síbẹ̀ ni mo máa yàn. Áńtẹ́nà inú ẹ̀ tóbi ju ti MiFi lọ, Wi-Fi tó ń gbé jáde sì lè dé gbogbo ilé. MiFi fi bátìrì jù ú lọ, ìyẹn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lọ́dọ̀ wa. Tí wọ́n bá mú iná, ráútà ti kú. Àmọ́ fólíìtì 12 ni ọ̀pọ̀ ráútà wọ̀nyí ń lò, UPS kékeré tó ń tú 12V jáde á gbé e fún wákàtí mélòó kan láì tan jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó ń rìn, tó wà ní Dùgbẹ̀ láàárọ̀ tó sì wà ní Mọníyà lọ́sàn-án, kó ra MiFi tirẹ̀.

Ní ti áńtẹ́nà ìta tí wọ́n ń kàn mọ́ òrùlé: wáyà ẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Wáyà áńtẹ́nà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní RG58 ń jẹ nǹkan bíi 1 dB lórí mítà kọ̀ọ̀kan tó bá dé agbègbè 2.4 GHz. Áńtẹ́nà 9 dBi (ìyẹn tó ń fi nǹkan bíi 9 dB kún un níbi tó kọjú sí) pẹ̀lú wáyà mítà mẹ́wàá, ẹ ṣe àyọkúrò ẹ̀ fúnra yín. Ó sàn kí ẹ gbé ráútà fúnra ẹ̀ sún mọ́ òkè, kí ẹ wá fi Cat6 gbé ọ̀rọ̀ sọ̀kalẹ̀.

Níbi tí gbogbo síìmù ti wà ní -118 lórí báńkónì, Starlink, íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń ti sátẹ́láìtì wá, ló kù. Ó ti ń tà ní Nàìjíríà láti 2023, ojú ọ̀run tó ṣí gbayawu nìkan ló sì ń béèrè, kì í béèrè òpó. Igi máńgòrò tó ṣíji bò òrùlé lọ̀tá ẹ̀.

Ilé ẹ̀gbọ́n mi

Mo kọ́kọ́ gbé rìpítà wọn lọ sórí àtẹ̀gùn, níbi tó ti ń rí -68. Nínú pálọ̀, 28 Mbps ló ń wọlé. Nínú yàrá ọmọ, níbi tí wọ́n ti ń rí 2 tẹ́lẹ̀, ó di 11. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ó tó, ó tó, má da ilé rú." Ọmọ ní kò tó.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, a gba ihò páìpù áńtẹ́nà DStv tó ti wà níbẹ̀ fi wáyà mítà mẹ́rìndínlógún dókè, a ò fọwọ́ kan dẹ́kìn. Access point kékeré kan wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù báyìí. Fóònù ń ka -41 lórí bẹ́ẹ̀dì, 27 Mbps. Ọ̀pá tó ń gbé jáde ò ju èyí tó ń gbé jáde tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ní kí n wá wọn ṣọ́ọ̀bù aṣọ wọn tó wà lódì kejì títì. Rìpítà yẹn ni wọ́n fẹ́ kí n gbé lọ síbẹ̀. Mo ní ká kọ́kọ́ wo nọ́ńbà.